Ẹ Fi Ọmọ Mi Sílẹ̀ Lórí Láyípo

Ẹ tẹ̀ ẹ́, Tíṣà Bámiṣẹ́, ẹ tẹ mọ́tò yìí kó sáré, ẹ má wo kòtò, kòtò kọ́ ló bí mi, ọmọ mi wà lórí Láyípo, ilé gogoro n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan, ẹ̀yin sì jókòó síbí ẹ ń yẹ kòtò fún mi! Yéè! Ẹ wo ọwọ́ mi. Ìdọ̀tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Ìdí ẹ̀gẹ́ tí mò ń bó ni mo wà nígbà tí bọ́ọ̀sì iléèwé yín dé láago mẹ́rin, àwọn ọmọ ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń kọrin, mò ń wò, mò ń wò, Kẹ́hìndé bọ́ sílẹ̀, mo ní Táíwò dà, Kẹ́hìndé ní ó wà lẹ́yìn, ẹ̀yin náà ní ó wà lẹ́yìn. Tíṣà, ta ló wà lẹ́yìn? Àga ló wà lẹ́yìn! Àga òfìfo àti èèpo ọsàn!

Ẹ má bẹ̀ mí. Mo ní ẹ má bẹ̀ mí nísinsìnyí, bí ẹ bá ń bẹ̀ mí ẹ ò ní ráyè wo iwájú. Láàárọ̀ yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi fa ọmọ méjì lé yín lọ́wọ́, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun fún wọn, mo di ìrẹsì sínú kúlà wọn, mo ní Tíṣà, ẹ bá mi mójú tó wọn o, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní Ìyá Ìbejì, ṣé Ìbàdàn náà lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ẹ ní kí wọ́n lọ gun ilé gogoro, kí wọ́n rí gbogbo òrùlé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú wọn lè là. Ojú wọn ti là. Tèmi náà ti là.

Kí lẹ wí? Ẹ pe orúkọ? Mo mọ̀ pé ẹ pe orúkọ! Báwo lẹ ṣe pè é? Ẹ dúró nísàlẹ̀ Láyípo, ẹ mú ìwé orúkọ dání, ẹ ní "Awóyẹmí, Táíwò àti Kẹ́hìndé!" Kẹ́hìndé nìkan ló dáhùn, ó ní "A wà níbí, sà!" ẹ sì fa àmì sí i, àmì méjì fún ẹnu kan! Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe é ní kíláàsì, ṣebí mo mọ̀, ìbejì mẹ́jọ ló wà ní kíláàsì kan ṣoṣo, ṣebí Igbó-Ọrà ìlú ìbejì la wà, ta ló ráyè máa pe ìbejì ní kọ̀ọ̀kan? Ẹ bá pe ọ̀kan, ẹ ti pe èkejì. Ṣùgbọ́n kíláàsì nìyẹn o! Kíláàsì ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn! Ta ní ń ka ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú onílùú? Ẹni tó ra ewúrẹ́ méjì lọ́jà Tápà, ó máa ń fọwọ́ kan okùn ọrùn méjèèjì kó tó gbé wọn sínú ọkọ̀!

Ibo la dé yìí? Lánlátẹ̀ ṣì ni? Èrúwà kọ́? Ẹ gbà mí o! Ọ̀nà yìí kì í gùn báyìí.

Bàbá wọn ò tíì gbọ́. Yẹ̀kínì wà lóko, fóònù rẹ̀ ò lọ, mo sì dúpẹ́ pé kò lọ, nítorí kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní ọmọ rẹ lọ ṣeré, ọ̀kan dé, ọ̀kan kò dé? Ṣé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn í sọ létí ẹni tó bí ìbejì nìyẹn?

Kẹ́hìndé, má sunkún mọ́. Sún mọ́ ẹ̀yìn, jókòó dáadáa. Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní ẹsẹ̀ òun ń tutù. Nínú ooru yìí, gíláàsì gbogbo wà nílẹ̀, bùbá mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ọmọ ní ẹsẹ̀ òun ń tutù! Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹ dá mi lóhùn, ẹsẹ̀ ta ló ń tutù? Mi ò fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìyá tó bí ìyá mi, ìbejì ló bí, ọ̀kan lọ, wọ́n bá a gbẹ́ igi. Mo bá igi yẹn nílé. Ìyá àgbà máa ń wẹ̀ ẹ́, ó máa ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu, ó máa ń pọ̀n ọ́n rìn, èmi tí mo wà ní kékeré a máa sá fún yàrá rẹ̀. Tíṣà, mi ò fẹ́ igi o! Aúsù bílláhì! Ọmọ ni mo bí, ọmọ tó ń jẹun, ọmọ tó bá mi ṣe gbólóhùn asọ̀ láàárọ̀ yìí nítorí ìbọ̀sẹ̀!

Ẹ tún ń bi Kẹ́hìndé léèrè? Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún wa nílé, ẹ ò gbọ́ ni? Nígbà tí wọ́n dókè, ẹ̀rù ba Táíwò, ó rí bí ilẹ̀ ṣe jìnnà, ó di ògiri mú. Kẹ́hìndé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ojo, Táíwò ní kó má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ dé ilé, ó ní ọ̀dọ̀ Purity ọ̀rẹ́ òun lẹ́yìn bọ́ọ̀sì lòun máa jókòó. Ló bá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀, ṣebí ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè kọ́ ni wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń lọ́ bí ẹ̀yìn ìgbín, ọmọ kan kì í rí ju ẹ̀yìn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ wá pe orúkọ, Kẹ́hìndé dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Ó rò pé ìbínú ló gbé ẹnìkejì òun lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ó sì sùn lọ. Ọmọdé ni! Ṣé òun ni tíṣà ni?

Bó bá bẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ńkọ́? Tíṣà, ṣé ògiri ibẹ̀ ga jù ú lọ? Ẹ má fọwọ́ hàn mí, ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú! Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ga dé àyà rẹ̀? Àyà rẹ̀ níbo? Bó bá wá nǹkan tẹ̀ gùn ńkọ́, tó ń wá bọ́ọ̀sì yín? Bí ẹni burúkú bá bá a níbẹ̀ ńkọ́, tó ní wá, ìyá rẹ ló rán mi? Yéè, orí mi. Orí mi, má gbàbọ̀dè.

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wí fún yín, nítorí ẹ̀rù tó ń bà mí yìí, tèmi wà níbẹ̀. Èmi náà kì í pè wọ́n lọ́tọ̀. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, "Táyé-Kẹ́hìndé, ẹ pọnmi wá! Táyé-Kẹ́hìndé, ẹ wá jẹun!" Ẹni tó bá ti dáhùn ni mò ń bá lọ, n kì í wẹ̀yìn. Èmi ni mo kọ́ wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́, pé bí wọ́n bá pe ọ̀kan, kí èkejì bá a jẹ́ ẹ. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ ò rí i? Wàláì, ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín o. Ẹ ṣẹ̀ mí! Ẹ ṣẹ̀ mí gan-an! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bú yín yìí, inú mi ń dá mi lóhùn.

Fóònù yín ń dún! Ẹ má gbé e, ẹ máa wa ọkọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n mú un. Hẹ́lò? Hẹ́lò! Èmi ni ìyá rẹ̀! Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ Láyípo? Ó wà? Ṣé ó wà láàyè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ jókòó tì í, a ti ń bọ̀, a ti kọjá Ìdó.

Alihamudulilahi. Tíṣà, ó wà. Bàbá náà rí nọ́ńbà yín nínú ìwé àlejò. Ó ní òun gòkè lọ wò kí òun tó tilẹ̀kùn, òun bá a tó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Táíwò kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó ké tó fi jẹ́ pé bàbá náà bẹ̀rù, ó sún sẹ́yìn, kí ọmọ má lọ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ohun tí Táíwò ń wí fún bàbá náà? Ó ní òun gbọ́. Ó gbọ́ nígbà tí ẹ̀ ń pe orúkọ, ohùn yín gòkè lọ bá a, ó ti yanu láti dáhùn, ló bá gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé, ó sì rí gbogbo yín tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní wọ́n ti pe òun tán. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun tún máa lọ nígbà tí wọ́n ti ka òun mọ́ àwọn tó ń lọ sílé.

Ẹ má sunkún, Tíṣà. Ta ló máa wa ọkọ̀?

Ẹ dúró. Ibí nìyí? Òun nìyẹn lókè lọ́hùn-ún! Mo rí orí rẹ̀! Yéè, ó ga! Rárá, ẹ má sáré gòkè, bí ẹ bá yọ sí i lójijì kí ló máa ṣe? Ẹ wá síbí. Ibo lẹ dúró sí lọ́sàn-án? Ẹ dúró síbẹ̀ gan-an. Kẹ́hìndé, bọ́ síbí, pa ẹnu dé, o ò gbọdọ̀ dáhùn o, ọwọ́ mi nìyí lẹ́nu rẹ. Tíṣà, ẹ pè é. Táíwò. Ẹ má pe orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú, ẹ má pe ẹnìkan tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ohùn sókè bí ẹ ti gbé e sókè lọ́sàn-án, ẹ pè é títí yóò fi dáhùn, títí yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, mo fi Ọlọ́run tó fi méjì ta mí lọ́rẹ búra, a ò kúrò níhìn-ín. Ẹ pè é, Tíṣà! Òun nìkan!