Aṣọ Dúdú Tí Wọ́n Bọ́ Lára Gíláàsì Mi

Àǹtí Dora, ẹ gbé púpurù yẹn sílẹ̀ jàre, n kò lè jẹun, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fojú mi rí! Háà! Aṣọ funfun! Èmi Benedict, mo wọkọ̀ láti yunifásítì wá kó iṣẹ́ mi, ẹ mú mi dé ilé àdúrà, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti rí ẹrù gíláàsì mi nídìí pẹpẹ, funfun báláú, wọ́n fi rìbọ́n pupa dì í bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ti pa mí.

Ta ló ní kí ẹ bọ́ aṣọ dúdú yẹn? Ta ni? Wòlíì Adésànyà ló ní dúdú kì í wọ ilé àdúrà? Ṣé mo lè máà mọ̀yẹn ni? Ìjọ yẹn náà ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ! Ṣùgbọ́n kí ló gbé gíláàsì mi débẹ̀? Àbí gíláàsì náà dẹ́ṣẹ̀ ni?

Ẹ ní òjò ni. Ó dáa. Ẹ ní òjò já òrùlé yàrá Ìyá, àti pé ní gbogbo àdúgbò wa ní Erinje níbí, ilé àdúrà nìkan ni páànù rẹ̀ kò jò. Mo gbọ́. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run rí i pé orí yín lẹ fi rù ú. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá jẹ́ kí òjò pa á, Àǹtí mi! Omi ṣeé nù. Ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé nù!

Ẹ̀n? Ẹ ní mo sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù náà, ẹ kò sì fọwọ́ kàn án, aṣọ ara rẹ̀ nìkan lẹ bọ́? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Aṣọ dúdú ìpele mẹ́ta, bébà dúdú lábẹ́ rẹ̀, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà nígbà tí òjò dá, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ta ganrínganrín, ẹ wá fi funfun wé e, ẹ gbààwẹ̀ lé e lórí, ẹ tan àbẹ́là méje yí i ká. Àbẹ́là méje! Ohun tí oòrùn bá fi sílẹ̀, àbẹ́là parí rẹ̀!

Ẹ jẹ́ n bi yín. Àríyọ̀ onífótò tó wà ní Okitipupa, ṣé ẹ lè ṣílẹ̀kùn yàrá òkùnkùn mọ́ ọn lórí? Ẹ ò jẹ́ dán an wò, á pariwo mọ́ yín, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba fíìmù jẹ́. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀! Oògùn fótò kan náà ló wà lára gíláàsì tèmi. Àwọn nǹkan kan wà tó ń já bọ́ láti sánmà, wọ́n kéré débi pé ojú kò rí wọn, wọ́n ń gba òrùlé kọjá, wọ́n ń gba ara èmi àti ẹ̀yin kọjá bí a ṣe jókòó yìí, wọn ò sì kí wa. Bí wọ́n bá gba inú gíláàsì náà, wọ́n á fi ipasẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀yà ṣe ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹ̀gẹ́, èmi á wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá tọ ipasẹ̀ náà. Iṣẹ́ mi nìyẹn o! Ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ nínú otútù ìlú òyìnbó nìyẹn!

Láti Kérésì di Àjíǹde ni mo fi dúró. Mo gbé dì kan sórí òkè Jos, mo gbé èkejì síbí ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀, kí n lè mọ iye tó já bọ́ lókè àti iye tó dé ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ fi tòkè ṣe? Bàtà ẹsẹ̀ kan, ta ló ń wọ̀ ọ́ ròde?

N kò sì ráyè o. Ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń kọ́, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà, ọ̀kan ti kú látìgbà ogun, ẹnu ni mo fi ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Àkókò ìsinmi nìkan ni tèmi. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi sì ti là á mọ́lẹ̀: bí oṣù kẹfà bá parí tí n kò ní ìwádìí kankan láti fi hàn, wọn ò ní gbà mí síṣẹ́ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ẹ̀gbọ́n mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi, ààwẹ̀ náà ló wá gba iṣẹ́ lọ? Bí mo bá fi oògùn fọ gíláàsì yẹn lónìí, gbogbo rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Dúdú tí ẹ sá fún náà lẹ rọ kún inú rẹ̀!

Áà, ẹ má sunkún. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ru epo títí dé ọjà Ìrèlè kí n lè kàwé, kò yẹ kí ohùn mi máa lọ sókè lórí yín. Mo jẹ̀bi tèmi, n kò sọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà kan tí mo sọ fún yín pé nǹkan ń gba ara wa kọjá? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ ti kó àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin wá, wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀ mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀! Ṣé n óò tún la ẹnu ni?

Ẹ gbọ́. Dì tuntun kan ló kù tí n kò tíì lò, òun ló wà nínú àpò mi yìí. N óò dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó yẹn kó fún mi di oṣù kẹjọ, bóyá yóò gbà, bóyá kò ní í gbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni dì yìí gbọ́dọ̀ fi jókòó, abẹ́ ibùsùn yín ló máa wà, nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Bí Wòlíì bá wá bi yín pé dúdú kí nìyí, ẹ sọ fún un pé opó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, opó! Ọkọ rẹ̀ ló kú sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà yín lọ́sàn-án gangan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Kó wá dúró lójú gbogbo ìjọ kó sọ fún mi, ta ló ń bọ́ aṣọ lára opó nígbà tí oṣù ọ̀fọ̀ kò tíì pé?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àǹtí Dora, ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín? Ẹ wò ó, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi! Ẹ gbé púpurù yẹn wá.