Ọkọ̀ Tí Kì Í Rú Èéfín Ni Wọ́n Fòfin Dè

Ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run bá mú wa rí, ọkùnrin kan máa ń wá kí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní àdúgbò Japara kó tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì mi. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Bàbá Alága, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa o." Mùfú lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń wa lọ́rì mi báyìí, owó ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń fún un. Nígbà kan rí òun náà ní lọ́rì tirẹ̀, ó sì dára ju tèmi lọ ní ìlọ́po méje. Èmi tí mo jókòó yìí ni mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi jókòó, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa, bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun ni mò ń wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé ìwé ni màá fi sọ ọ́, kí ó lè yé gbogbo yín bí àgbàlagbà ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ.

Pákó ni à ń kó láti àwọn sọ́ọ̀mìlì ìlú wa lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Onílọ́rì méje ni wá nínú ẹgbẹ́, èmi sì ni alága. Ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé irú lọ́rì tó jẹ́ fún yín, lọ́rì àtijọ́ tó ní bọ́dì pákó, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí níwájú, tó ń mu epo dísù bí ẹní ń mu omi. Bí tèmi bá ń gun òkè tó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tó bá wà lókèèrè á rò pé wọ́n ń sun oko ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á fi ìwé bo imú, àwọn ọlọ́kadà á máa ṣépè fún wa. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mo máa ń sọ pé ẹni tí èéfín kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ ra ọkọ̀ tí ń mu omi ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé òfin kan dé. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ dísù gbọ́dọ̀ wá fi èéfín rẹ̀ hàn ní pápá kan létí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè. Èyí tó bá yege á gba sítíkà tí ọlọ́kọ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Èyí tí kò bá yege á máa san owó èéfín lóṣooṣù títí tí wọ́n á fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì fi ṣe màgòmágó, wọ́n á fi òfin dè é, kò ní fẹsẹ̀ kan títì mọ́. Há! Inú bí mi! Owó páákì la ń san ni, owó ìwé ọkọ̀ la ń san ni, owó ojú ọ̀nà tí kò sí ọ̀nà níbẹ̀, a ń san án. Wọ́n tún fẹ́ kí a san owó ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ? Mo pariwo nípàdé títí ohùn fi há mi. Mo ṣì rò pé òótọ́ wà nínú apá kan ohun tí mo sọ, ìjọba ì bá kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ní kí ènìyàn wá di olè.

Nínú àwa méje, Mùfú nìkan ni lọ́rì rẹ̀ kì í rú èéfín. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun dé, á bọ́ aṣọ, á wọ abẹ́ ọkọ̀. Á fọ fílítà, á yọ nọ́sù tí ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, á nù ún bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ní orogún, orogún náà sì ní táyà mẹ́fà. Á kàn rẹ́rìn-ín. Lọ́rì kan yẹn ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, òun náà ló fi rán àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ẹnu mi yìí ni àbá náà ti jáde, kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ kan ti mọ́ láàrin wa, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo náà lọ yege fún gbogbo wa. Kí a tú nọ́ńbà lára ọkọ̀ kálukú, kí a máa dè é mọ́ ti Mùfú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi tapólì bo ọ̀rọ̀ tí a kọ síwájú rẹ̀. Ọkọ̀ méjì lójúmọ́, kí ojú má baà mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí alága pé. Mùfú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Alága, ẹ jẹ́ ká dáwó jọ, ká máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi gan-an á bá yín wọ abẹ́ ọkọ̀. Èyí tí ẹ wí yìí, harámù ni."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Àbí kò yẹ? Ṣùgbọ́n ojú tì mí pé ọmọdé fún mi ní ìmọ̀ràn tó dára ju tèmi lọ níwájú ẹgbẹ́, mo sì sọ ìtìjú náà di ìbínú. Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan látọ̀dọ̀ àwọn tó dá a sílẹ̀: bí alága bá ṣí fìlà rẹ̀, tó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ ẹgbẹ́ kan, ohunkóhun tó bá bèèrè, ẹni náà kò gbọdọ̀ kọ̀. Ọ̀rọ̀ òkú, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dojú dé ni a ń fi àṣà yìí ṣe. Èmi ṣí fìlà mi, mo gbé e síwájú Mùfú nítorí èrú. Ó wo fìlà náà pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbọn iyẹ̀fun pákó kúrò lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ó ní, "Ó ti tán, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa wà á o. N kò lè fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́."

Ọjọ́ kìíní, nọ́ńbà tèmi ló kọ́kọ́ lọ. Alága kọ́ ni mí? Ó yege, èkejì náà yege. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ méjì tún yege. Inú oko kòkó kan tí kò jìnnà sí pápá náà ni mo ń fara pamọ́ sí pẹ̀lú sípánà. Tí Mùfú bá ti dé, a ó tú nọ́ńbà, a ó de òmíràn, á pààrọ̀ ẹ̀wù, á padà lọ. Ọjọ́ kẹta ni Mùfú bá ọmọbìnrin kan ní pápá náà, òṣìṣẹ́ tuntun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tó ti ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ẹnu sàláńsà tí èéfín ń gbà jáde tán, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kékeré sí abẹ́ ọkọ̀. Mùfú kò mọ̀. Ó gba sítíkà, ó wá bá mi, a de nọ́ńbà mìíràn, ó padà lọ.

Mo dúró títí, n kò rí i. Mo yọjú létí oko. Wọ́n ti yí i ká, ọmọbìnrin yẹn ń tọ́ka sí abẹ́ ọkọ̀. Mùfú kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ibi tí mo wà gan-an ló ń wò. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣé mo jáde lọ bá a? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Èmi ju sípánà sínú ewé kòkó, mo gba ẹ̀yìn oko sá lọ. Ẹ̀gún ya sòkòtò mi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé!

Wọ́n ti Mùfú mọ́lé, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí alága. Ọmọbìnrin yẹn ló bi mí léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Bàbá, ó ní òun nìkan lòun ṣe é. Ṣé ẹgbẹ́ yín mọ̀ sí i?" Ẹ gbọ́ o, Mùfú kò dárúkọ mi! Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti ṣe ènìyàn. Mo ní ẹgbẹ́ kò mọ̀. Ó gbé bébà fún mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá kàn kọ pé ẹgbẹ́ kò mọ̀, irọ́ kan náà ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní tó, mo bá kọ ọ́ pé Mùfú ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílọ́rì láti máa bá wọn ṣe irú èyí, pé a ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Mo kọ 'Alága' sábẹ́ rẹ̀, mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Láti ibẹ̀, Abigi ni mo gbà lọ, sílé àbúrò ìyàwó mi. Mo ní mo wá wo gẹdú tí wọ́n ń fi omi gbé wá. Gẹdú wo? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó létí omi tí mò ń jẹ ẹja ẹlẹ́ja. Nígbà tí mo fi padà, wọ́n ti dá Mùfú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fòfin de lọ́rì rẹ̀. Àwọn méjì tí nọ́ńbà wọn wà lára ọkọ̀ lọ́jọ́ náà san owó ìtanràn, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ nítorí mo bẹ̀ wọ́n. Àwa mẹ́rin tí a ti gba sítíkà, a ń rú èéfín wa lọ ní tiwa, ẹnikẹ́ni kò dá wa dúró. Lọ́rì kan ṣoṣo tó mọ́ ní gbogbo Japara ló wà lẹ́yìn ilé Mùfú, tí adìyẹ ń yé sí. Àwọn ènìyàn ń sọ ní mọ́sálásí pé jìbìtì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní yunifásítì, ó ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹnìkan.

Mo wá fún Mùfú ní lọ́rì mi pé kó máa wà á. Gbogbo ìlú ń yìn mí pé mo ṣàánú. Ìyàwó rẹ̀ se ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja gbígbẹ wá fún wa láti dúpẹ́, mo gbé tèmi fún ìyàwó mi. Mùfú ti ń wúkọ́ báyìí. Èéfín ọkọ̀ mi máa ń gba abẹ́ ìjókòó wọlé. Ó ní òun fẹ́ tún nọ́sù rẹ̀ ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi nílé lẹ́yìn tí ó kírun Láásárì. Ó ní ìjọba yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fòfin dè. Ẹni tó bá ní ẹlẹ́rìí, kó mú lẹ́tà wá. Ọkọ̀ tí kò bá ní, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ tà fún àwọn onírin. Ó gbé bébà tí kò ní ìlà síwájú mi, pẹ̀lú bírò. "Bàbá Alága, ẹ bá mi kọ ọ́."

Mo ní kó lọ bá àwọn akọ̀wé tó wà níwájú kóòtù.

Ó mi orí. "Rárá, sà. Ìkọ̀wé yín ni mo fẹ́. Ti àkọ́kọ́ wà nínú fáìlì mi. Ọmọbìnrin yẹn kà á fún mi láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ti mú mi."

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì! Ó ti mọ̀! Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo òwúrọ̀, ó ti mọ̀! Mo ní, "Mùfú, kí ló wá dé tí o ń dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

Ó ní, "Mò ń dúró dè yín ni, sà. Mo rò pé ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín." Ó dìde, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó ní kí n kọ ọ́, bí wọ́n bá tì mí mọ́lé òun á máa gbé oúnjẹ wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á fòfin de lọ́rì tiwọn náà, ebi á pa àwọn ọmọ wọn, èpè wọn á sì wà lórí mi. Wọn kò parọ́. Èmi ni mo kó wọn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ipò bẹ ẹnikẹ́ni sí ohun tí ìwà rẹ̀ kọ̀. Ẹni tó bá gbà fún yín nítorí ọ̀wọ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹ kò sì ní rí i san bọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ku ọ̀la. Bébà náà wà níwájú mi. Láti àná, ìlà kan ṣoṣo ni mo tíì kọ sí i: "Èmi alága ni mo ṣe é." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, síbẹ̀ ọwọ́ mi kọ̀ láti lọ síwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ojú ti tì rí bíi tèmi, báwo lẹ ṣe kọ ìlà kejì?