Ìgbàdí Ẹlẹ́gbẹ̀rún Kókó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Bí mo bá rin ewùrà díẹ̀ báyìí, èmi nìkan ni n ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, n ó jẹ ẹ́ lálẹ́, títí á fi kan. Yàrá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ayépé ni mo wà, kò sọ́kọ, kò sọ́mọ, kò sẹ́ni tí ń bi mí bí mo ṣe jí. Ohun tó sì lé mi débẹ̀ kò ju aṣọ pélébé kan tí obìnrin tí n kò rí rí ṣe fún ọmọ rẹ̀ ní ìlú Japáànù!

Bàbá mi ja ogun Bọ́mà, nígbà tí Òyìnbó ń bá Japáànù jà. Nínú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú ọmọ ogun Japáànù kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ìgbàdí funfun kan wà ní ìbàdí rẹ̀, tó kún fún kókó òwú pupa wínníwínní. Ẹlẹ́wọ̀n ogun kan tó gbọ́ Òyìnbó díẹ̀ ló ṣàlàyé pé ìyá ọmọ ogun ló máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí á máa bẹ obìnrin tó ń kọjá pé kó bá òun ta kókó kan péré, títí yóò fi pé ẹgbẹ̀rún, kí ọta ìbọn má baà ba ọmọ òun. Bàbá mi ní àwọn kò lè sọ àdúrà ìyá nù, ni wọ́n bá mú un bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo jogún rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ro gbogbo ìtàn yìí fún ọkọ mi. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní, "Ìyá yìí mà gbìyànjú o."

Ọdún gorí ọdún, n kò lóyún. Lọ́jọ́ kan tí ìyá ọkọ mi ń bá mi palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n fa ìgbàdí náà yọ láàárín aṣọ mi. Ariwo ta! "Kókó! Ẹ wá wo ibi tó so ọmọ ọmọ mi mọ́ o!" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ti bàbá mi ni." Mo yíjú sí ọkọ mi: "Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí ẹ mọ̀?" Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn aládùúgbò tó ti pé jọ, ó ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Áà! Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná sí i lójú mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrù mi ti wà níta.

Ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn náà kò lóyún, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi náà ti dolóògbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá sí Ayépé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ní kí n padà sílé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sẹ́ mi. Ó ní, "Dókítà ti sọ fún mi nígbà náà pé ọ̀dọ̀ mi ni àìrọ́mọbí wa ti wá. Ojú tì mí."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ta ni yóò mọ̀ bí àìsàn bá dá mi gúnlẹ̀ nínú yàrá yìí? Bí mo bá sì bá a lọ, báwo ni n ó ṣe máa sùn ti ẹni tó mọ̀, tó wo ojú mi, tó ní òun kò mọ̀? Mo ní kó máa lọ, pé n ó ronú sí i. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ mọ́, ó sì ń wù mí kó yí padà.