Ọmọ Tí Mo Kọ̀ Láti Jọ̀wọ́ fún Ọlọ́run

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fẹlísíà, èmi ni mo máa ń ṣáájú àdúrà Róósárì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, èmi náà ni mo máa ń tẹnu mọ́ ọn ju gbogbo yín lọ pé, "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe." Fadá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bí ó bá wù mí. Kò wù mí. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí ọkọ mi, Bàbá Fẹlísíà, kú. Ó wá ku èmi àti Fẹlísíà, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ yìí sọ fún mi pé òun fẹ́ di Sísítà, kí òun má lọ́kọ, kí òun máa sin Ọlọ́run ní ilé àwọn Sísítà. Mo ní, "Ó dára, ọmọ mi." Ẹnu lásán ni. Ọjọ́ tí Sísítà Àgbà, olórí wọn, wá bá mi nílé láti mọ èrò ọkàn mi, Fẹlísíà kò sí nílé. Mo sọ fún un pé ọmọ náà ti yí ọkàn padà, pé ó ti ní àfẹ́sọ́nà. Nígbà tí Fẹlísíà wá dé, mo ní Sísítà wá, wọ́n ní wọn ò lè gbà á.

Ó béèrè pé, "Màámi, ṣé wọ́n sọ ohun tí mo ṣe?"

Mo ní wọn ò sọ. Ó wọ yàrá lọ. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ilé ìdáná, mo sì ń já ẹ̀fọ́ mi lọ. Ojú tì í, kò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, mo dé láti ibi àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ ní yàrá, mo gba Róósárì kan parí. Bí mo ṣe fẹ̀yìn ti ibùsùn, oorun gbé mi lọ.

Mo bá ara mi lójú ọ̀nà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ funfun. Ìyá Àgàtá ló dúró dè mí níbẹ̀, ìyá arúgbó tó máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó kú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kú, tó sin wọ́n, síbẹ̀ tí òun kò bá Ọlọ́run jà. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Dìde, máa tẹ̀lé mi."

A dé ibi tí èéfín ti bolẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà pọ́n bí irin inú iná, bó bá ti fọwọ́ kàn án ni awọ ọwọ́ rẹ̀ á bó. Ìyá Àgàtá ní, "Alágbèrè ni. Ilé tó kọ̀ sílẹ̀ ló ń wá." Mo rí ọ̀gá kan tí ẹrù tó máa ń dì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dé àyà, òmíràn sì ń bọ̀ láti òkè. Mo rí àwọn onírọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ á di ẹyín iná lẹ́nu wọn, wọ́n á sì gbé e mì.

Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé n kò sí lára wọn. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́!

Ìyá Àgàtá wò mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ̀yin ará mi, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó kún fọ́fọ́, kò sí pẹpẹ, kò sí fèrèsé, gbogbo wọn kúnlẹ̀, gbogbo wọn ń wí pé ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe, ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe, ohùn wọn ti há, wọ́n di ọwọ́ wọn pinpin, iná ń yọ láàárín ìka wọn, wọn ò sì lè là á, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo wo ọwọ́ èmi fúnra mi, háà, Jésù! ọrùn ọwọ́ Fẹlísíà ni mo dì mú, ọmọ mi ń sunkún, "Màámi, ó ń jó mi, ẹ fi mí sílẹ̀," mo fẹ́ fi í sílẹ̀, ìka mi ò gbọ́ tèmi mọ́, mo ń pariwo, ẹnikẹ́ni ò gbójú sókè wò mí.

"Màmá, kí ni wọ́n ṣe?" mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgàtá, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ẹnu wọn gbà fún Ọlọ́run, ọwọ́ wọn ò gbà."

Ó fọwọ́ kan ìka mi, wọ́n là, n kò sì rí Fẹlísíà mọ́. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ọgbà kan tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ jáde. Mo rí bàbá àdúgbò wa tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń rìn kiri. Mo rí obìnrin kan tí kò rí ọmọ bí, tí kò sì torí ìyẹn fi Míísà sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Fẹlísíà jókòó láàárín wọn. Mo sáré, ṣùgbọ́n n kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Òun ló dìde wá bá mi.

Ó ní, "Ìyá Fẹlísíà, ta ló fún wa ní ọmọ náà?"

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló pa mí. Mo fi ìborí mi bojú.

"Màámi, ẹ dìde, oúnjẹ ti ń tutù." Fẹlísíà ló ń jí mi. Òógùn ti bò mí. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, ó fẹ́ gbé mi dìde, mo kọ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á pariwo mọ́ mi. Ohun tó sọ ni pé, "Màámi, ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé Ọlọ́run ló kọ̀ mí."

Kò sí iná tí mo rí lọ́hùn-ún tó jó mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́dọ̀ Fadá, lẹ́yìn náà èmi àti Fẹlísíà lọ sí ilé àwọn Sísítà. Mo sọ irọ́ mi níwájú Sísítà Àgbà. Ó ní àwọn á gbà á, àmọ́ kó dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí àwọn tí ì bá bá wọlé ti lọ jìnnà. Lẹ́yìn Kérésì ló tó lọ. Ó ti dárí jì mí, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Síbẹ̀, bí mo bá lọ kí i, n kì í lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, n kò wá dá yín lẹ́jọ́, ẹjọ́ tèmi tó mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó purọ́ nítorí ohun tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ fún Ọlọ́run, kó tètè lọ sọ òtítọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀, kó lọ lónìí. Èmi sùn, wọ́n jí mi. Àwọn tí mo rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kò sẹ́ni tó wá jí wọn.