Àpótí Pupa Tí Mo Yà Nítorí Rísí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀, kí ojú tó wá tì mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Òtítọ́ ti ń kanlẹ̀kùn mi.

Iṣẹ́ tẹ́kíníkà ákítẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe. Kì í ṣe ti ilé kíkọ́ o. Èmi ni mo máa ń ya àwòrán bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe máa rìn, kí àwọn tó máa kọ ọ́ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láyé fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, l'Ápápá, gbé iṣẹ́ fún mi. Mo ń tọ ìwé ẹrù lẹ́yìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí mo fi bá a dé ọwọ́ Rísí.

Rísí, ọmọ Bọ́ńdárì l'Ájégúnlẹ̀, ni akọ̀wé tó máa ń fojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà kọntéínà kí tírélà tó jáde. Ó rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo wá ń padà lọ béèrè ohun tí mo ti kọ sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú àwòrán tó dáa jù, kò sí iṣẹ́ Rísí. Ẹni tó wà ní géètì á tẹ nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà á yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ, níbo ni n óò ti rí i? Mi ò sì tíì lẹ́nu láti sọ tinú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ya àpótí pupa kan sáàárín àwòrán náà, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: "Akọ̀wé gbọ́dọ̀ fojú rí i." Ẹ̀bùn tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wa ni kéèyàn lè ṣàlàyé ohun tó le kó yé ọ̀gá. Òun ni mo fi parọ́. Mo ní láìsí àpótí yẹn, gbogbo ẹ̀ máa dàrú. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tí oòrùn pa, tí ẹ ń pariwo "Oga, wetin remain again?", èmi ni mo dá yín dúró. Ẹ forí jì mí, ìfẹ́ ló fà á.

Rísí sì fẹ́ mi o! A bí ọmọ mẹ́ta. Òun ni olórí àwọn akọ̀wé báyìí, ó sì máa ń sọ fún gbogbo àlejò wa pé, "Kọ̀ǹpútà ò lójú jàre! Ọkọ mi gbìyànjú títí, kò rọ́gbọ́n dá sí iṣẹ́ tèmi." Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti mú kọntéínà tí wọ́n fẹ́ ṣì gbé lọ. A kì í ṣe Iléyá kan kó má sọ ọ́.

Ní báyìí, wọ́n ní kí n tún ètò náà yà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nawọ́ sí àpótí pupa nínú ìpàdé. "Sà, kí ni eléyìí wà fún?" Ikọ́ ló gbà mí. Rísí jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí n yin iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní n óò dáhùn ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Kí ni kí n sọ fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ní ti Rísí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí mi ò ṣe lẹ́nu nígbà yẹn, mi ò lẹ́nu títí dòní. Òun ló máa ń ka ojú ìwé ìròyìn yìí sí mi létí láràárọ̀ Sátidé, tí mo bá ń dín dòdò. Bó bá dákẹ́, n óò mọ ibi tó kà dé. N óò pa iná sítóòfù, n óò dúró dè é.