Omi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣùwọ̀n

Alága ìjókòó yìí, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ja júdò, tí ẹ rò pé n kò rí yín níbi tí ẹ ti ń tòògbé lẹ́yìn gbọ̀ngàn: mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ yìí. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn níjà o. Kóòṣì ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, nọ́ọ̀sì wa ló ń di ìka tó bá yẹ̀, ìyá tó ń fọ aṣọ ìjà, tí òógùn ogójì ọmọ kò sú rí, òun náà wà níhìn-ín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ tèmi ni kí ìdíje má pa ìdánwò wọn lára, kí wọ́n rí ibi sùn sí nígbà ìrìn-àjò, kí wọ́n sì gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ìdíje. Ìdí òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni mo ti ṣẹ̀.

Ṣé ẹ rí obìnrin tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí? Kékeré la máa ń pè é. Nígbà tó wà ní ọdún kejì, a kò ní ẹni tí yóò jà fún wa láàárín àwọn tí kò ju kílò méjìléláàdọ́ta lọ. Ìwọ̀n Kékeré jẹ́ kílò márùndínlọ́gọ́ta. Mo ní kó má mumi fún ọjọ́ méjì, kó wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn, kó máa sáré gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ ò rí i bí mo ṣe fi òwe bo ìkà mọ́lẹ̀? Ó gun òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ pé gẹ́lẹ́. Ó ja ìjà kìíní, ó borí. Nínú ìkejì, ó ṣubú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ní ọsibítù, màmá rẹ̀ bi mí léèrè. Mo ní ibà ni, pé ọmọ náà ló fi í pamọ́ fún wa. Màmá bá a wí gidi. Kékeré kàn ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ojú ṣì ń tì mí.

Ó padà wá ní sáà kejì. Ó ní òun ṣì fẹ́ jà, àmọ́ òun kò ní febi tàbí òùngbẹ para òun mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ike omi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n wa, ọmọ tí kò bá mu nínú rẹ̀ kò ní gùn ún. A pàdánù ife ẹ̀yẹ díẹ̀ nítorí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn mẹ́fà tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yìí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣe kún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi Kékeré pé kí ni mo lè ṣe fún un kí n tó lọ. Ó ní, “Ẹ sọ òtítọ́ fún màmá mi, sà. Títí dòní, bí mo bá ní ara mi yá, wọn kì í gbà mí gbọ́.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú yìí, mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ yín kò fi àìsàn kankan pamọ́. Èmi ni mo fi omi dù ú, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá tíì lè dárí jì mí, mo gbà. Àmọ́ lálẹ́ òní, bó bá sọ fún yín pé ara òun yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́.

Kékeré, iṣẹ́ yìí yóò sàn ọ́ jù mí lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó jà, ẹ ó borí, ẹ ó sì délé láyọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ó jèrè ọmọ. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi dópin o.