Ibà Tí Mo Fi Sára Ọmọ Mi

Jókòó, ọmọ mi. Gbé àga yẹn súnmọ́ mi. Dókítà ti sọ fún ìwọ àti èmi pé ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì fi bò rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló mú mi pè ọ́, lẹ́tà tó wà lórí tábìlì yẹn ni. Wọ́n ní kí o wá ṣe ọ̀gá àwọn dókítà eyín ní ọsíbítù kan ní ilẹ̀ olóoru, wọ́n fún ọ di ọjọ́ Ẹtì kí o fèsì, o sì ti kọ èsì pé o ò ní lọ, o ò kàn tíì fi ránṣẹ́ ni. Mo bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀ lánàá, o ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara mi ò gba ooru. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe ṣàìsàn ní kékeré ni?" Mo ní òótọ́ ni. Kí n má purọ́ mọ́, inú mi tilẹ̀ dùn, nítorí tí o bá lọ, ta ló kù tí yóò máa bá mi sọ̀rọ̀? Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Àárọ̀ yìí ni mo wá rí i pé tí mi ò bá la ẹnu, irọ́ tí mo pa nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje ni yóò bá ọ fèsì lẹ́tà náà. Má dá sí ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi parí. Tí mo bá dúró lágbedeméjì, mo lè má tún rí ìgboyà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìyá rẹ ló gbé wa lọ sí ilẹ̀ olóoru nígbà tí o wà ní kékeré. Ẹnjiníà ni, wọ́n gbà á kó wá kọ́ afárá. Èmi, tíṣà ni mí níbi tí a ti wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró níwájú ogójì ọmọ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, wọ́n ní kò bá tiwọn mu. Èdè wọn náà kọ̀, kò wọ̀ mí létí. Ìyá rẹ á jáde kí oòrùn tó yọ, ìwọ á gba ilé-ìwé lọ, alásè wa á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní kíṣìnì, èmi á jókòó sí pálọ̀ lábẹ́ fáànù. Tó bá ti di agogo méjìlá, gbogbo àdúgbò á ti wíńdò pa nítorí ooru, ojú pópó á wá dá páropáro bíi pé gbogbo ènìyàn ti kó lọ. Ọkọ Ẹnjiníà ni àwọn aládùúgbò ń pè mí. Fún odidi oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, ọ̀rọ̀ wa á parí síbẹ̀. Ó débi pé mo ń kí fíríìjì káàárọ̀. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, ó dáa, rín in. Àdáwà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ìwọ ní tìrẹ, kó tó pé oṣù mẹ́ta, o ti ń sọ èdè wọn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ìwọ lo ń bá wa nájà ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ lo ń bá onílé sọ̀rọ̀, ìwọ lo ń bá alásè sọ̀rọ̀. Tí o bá ti ilé-ìwé dé, ilé á kún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, o bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí o tó dé. O ti ní ọ̀rẹ́, ẹ jọ ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Agogo márùn-ún lo máa ń wọlé, irun rẹ á tutù, oorun á ti kún ojú rẹ. O ò ní ju gbólóhùn méjì bá mi sọ kí o tó sùn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, o jí, o ní orí ń fọ́ ọ díẹ̀. Mo mú tẹmómítà, igi gíláàsì tí a fi ń wo bí ara ṣe gbóná tó, mo fi sí ọ lábíyá. Kò sí ohun tó ṣe ọ́. Tíì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbóná. Mi ò mọ ohun tó sún mi débẹ̀. Kí ni mò ń wí ná? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti ẹnu igi náà bọ inú tíì, mo yọ ọ́ kíákíá, mo sì kà á sókè sí ìyá rẹ tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pé ibà ti dé. Ó wá fọwọ́ kan ọ́ níwájú orí. Nínú ooru yẹn, iwájú orí ta ni kì í gbóná? Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jáde lónìí." Ọjọ́ náà mà dùn o! A ta káàdì, mo pa ìtàn fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Mo wí fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Kò jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó di ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó di odidi ọ̀sẹ̀. Bí o bá ní ara rẹ yá, mo máa ń sọ pé, "Ibà inú ni, ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n." O gbà mí gbọ́. Ta ni ìwọ ì bá tún gbà gbọ́? Láìpẹ́ o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́, o ń sá fún oòrùn, o ń gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kí o tó sáré. Ọ̀rẹ́ rẹ wá kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń fọwọ́ júwe fún un pé ò ń sùn. O wà nínú yàrá, ò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ò ń sunkún. Mo nù ọ́ lójú, mo tún kó káàdì jáde. Ọmọ náà ò wá mọ́. Àwọn dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ nígbà mẹ́rin, èmi ni mo sì di ọwọ́ rẹ mú kí o má baà jà. O wò mí lójú, o ní, "Bàbá mi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi mí sílẹ̀." Mo fi í ṣe àwáwí pé mi ò gbọ́ èdè wọn.

Alásè wa ló kọ́kọ́ mọ̀. Obìnrin àgbà ni, ó ga, kì í pariwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ojú sókè láti ìdí ife tíì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n títí ohun inú rẹ̀ fi wálẹ̀, ó wọ yàrá tí o ti ń sùn, ó fi sí ọ lábíyá, ó dúró dè é. Nígbà tó jáde, ó gbé e síwájú ojú mi. Ara rẹ ò gbóná rárá. Èdè wo la ó tilẹ̀ fi sọ ọ́ fún ara wa? Ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi ń ro ohun tí n ó ṣe, nígbà tí ìyá rẹ sì dé, kó tó bọ́ bàtà, mo sọ fún un pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Mo ní alásè kì í se omi tí ò ń mu. Mo ní mo fi ojú ara mi rí i tó ń bù ú lẹ́nu ẹ̀rọ fún ọ.

Má dìde. Mo rí i pé o fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ó ku èyí tó burú jù. Ìyá rẹ pe obìnrin náà sí pálọ̀. Èdè ibi iṣẹ́ nìkan ni ìyá rẹ gbọ́. Nínú ilé wa, ìwọ nìkan lo gbọ́ èdè alásè. Ìwọ la mú dúró láàrin, pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn rẹ, kí o máa túmọ̀. Ìyá rẹ ní, "Bi í bóyá ó ń se omi rẹ." O bi í. Obìnrin náà kọjú sí mi. Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi, ẹnu ló kù kó là. Ó wá wò ọ́, ó wò ọ́ pẹ́, ó fọwọ́ pa ọ́ lórí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. O yíjú sí wa, o ní, "Ó ní òun ń sè é lójoojúmọ́. Ó ní èyí tó kù, òun ò ní fi sí ọmọdé lẹ́nu." Inú bí ìyá rẹ, ó ní àfojúdi ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. O bi mí ohun tó ní lọ́kàn, mo ní o ṣì í gbọ́.

Ṣé ó yé ọ, ọmọ mi? Kó tó lè tú àṣírí mi, àfi kó gba ẹnu rẹ. Ìwọ fúnra rẹ, ní ọmọ ọdún méje, ni ì bá sọ fún ìyá rẹ pé òpùrọ́ ni bàbá rẹ. Obìnrin yẹn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí ọ. Èmi tí mo bí ọ, mi ò lè fara da ọ̀sán kan péré láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ibà náà ò sì lọ, nígbà tí ẹni tó ń dá a sílẹ̀ ṣì wà nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá rẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, afárá rẹ̀ ò tíì dé ìdajì odò, ó sì kó wa padà. Títí ó fi kú ló ń sọ pé òun ò kábàámọ̀, pé kí ọmọ òun ṣáà ti yè. Mo máa ń dìde kúrò nínú yàrá tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Tí o ò bá lè ṣe é lónìí, mo gbà, mi ò ní sunkún sí ọ lára. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá bímọ, tí ọmọ rẹ sì ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ kó lọ. Jókòó ti àdáwà rẹ, kó dùn ọ́, kò ní pa ọ́. Ara rẹ le, ọmọ mi. Ibà kankan ò ṣe ọ́ rí ní ilẹ̀ yẹn. Má bi mí pé ta ni yóò dúró tì mí. Pè wọ́n, sọ fún wọn pé ò ń bọ̀, níbí yìí ni kí o ti pè wọ́n, níṣojú mi, kí n tó tún rí irọ́ mìíràn pa fún ọ.